Ẹni Tó Da Eérú Ni Eérú Ń Tọ̀: Pàǹtí Bọ́ǹbù Átọ́míìkì àti Owó Ìwádìí Ìjọba Amẹ́ríkà

Ẹ bi ọmọdé tó ti tó gbá ilé léèrè pé kí ni à ń fi ìdọ̀tí ṣe. Yóò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé à ń gbá a jọ ni, à ń kó o lọ sí ààtàn, bí ààtàn bá sì kún, à ń ti iná bọ̀ ọ́. Èyí tí iná kò bá jó, ilẹ̀ yóò jẹ ẹ́. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, nítorí ìdọ̀tí tí àwa àti àwọn baba wa mọ̀, bí iná kò bá borí rẹ̀, ilẹ̀ yóò borí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìdọ̀tí kan wà láyé òde òní tí iná kò lè pa, tí omi kò lè fọ̀, tí ilẹ̀ kò sì lè jẹ. Bí a bá jó o, èéfín á gbé oró rẹ̀ káàkiri. Bí a bá kàn bò ó mọ́lẹ̀, á bá omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ìdọ̀tí náà ni pàǹtí tó ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tó pọ̀ sí jù lọ láyé ni Hanford, ní ìpínlẹ̀ Washington ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lẹ́bàá odò ńlá tí wọ́n ń pè ní Columbia.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ìjọba tó da eérú yìí ni eérú ń tọ̀, òun ni ó sì ń náwó láti wá ọ̀nà tí a ó fi palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn kan ń sọ pé kí ìjọba yé fi owó orí aráàlú ṣe ìwádìí, pé ilé ńlá àti ẹ̀rọ ńlá ni àwọn fẹ́ fi ojú rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hanford àti ní ibi kejì rẹ̀, Savannah River, fi hàn pé owó tí a bá fi du ìmọ̀, ìlọ́po rẹ̀ ni a ó fi tún àṣìṣe ṣe.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1943, nígbà tí ogun Hitler ń gbóná lọ́wọ́, ìjọba Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ Hanford lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko síbẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn ará abúlé Hanford àti White Bluffs pé kí wọ́n kó ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni wọ́n fún wọn. Àwọn ẹ̀yà Wanapum, tí wọ́n ti ń pẹja nínú odò náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, náà kó kúrò. Kò sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Kódà, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tó wá kọ́ ibẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń bá wọn ṣe.

Nínú oṣù September 1944 ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní B Reactor, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Plutonium tí wọ́n ṣe ní Hanford ló wà nínú bọ́ǹbù tó bọ́ lu ìlú Nagasaki ní ilẹ̀ Japan ní ọjọ́ 9 oṣù August 1945. Ogun parí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bọ́ǹbù kò parí. Ẹ̀rọ kan di mẹ́sàn-án, nítorí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń wo ara wọn láwòtunwò. Ọdún 1987 ni èyí tó kẹ́yìn nínú wọn tó dákẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe plutonium nìyí. Wọ́n á ki uranium bọ inú ẹ̀rọ. Níbẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á yí padà di plutonium. Wọ́n á wá fi ásíìdì yọ́ uranium náà, wọ́n á sẹ́ plutonium kúrò. Ohun tí wọ́n rí mú kéré bí iyọ̀ orí ìka. Omi oró tó ṣẹ́kù pọ̀ bí àgbàrá òjò. Omi oró yìí ni wọ́n dà sínú àwọn táńkì ńláńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Wọ́n kà á sí ìtọ́jú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fi ti ìyókù sílẹ̀ de àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

IRÚ ÌDỌ̀TÍ TÓ JẸ́

Táńkì 177 ni wọ́n rì sí ilẹ̀ Hanford. Pàǹtí tí wọ́n bá nínú wọn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 56 gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà. Bí a bá fi garawa kẹrosíìnì ọjà wa wọ̀n ọ́n, yóò ju mílíọ̀nù 11 garawa lọ. Nínú táńkì 177 náà, 149 ni ògiri irin wọn jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, nǹkan bí 67 nínú àwọn wọ̀nyí ni a sì mọ̀ tàbí tí a fura sí pé wọ́n ti jò. Ohun tó ti jò sínú ilẹ̀ tó mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù.

Oró inú pàǹtí náà jẹ́ ìtànṣán tí ojú kò rí, tí imú kò gbóòórùn. Bí ó bá pọ̀ lára ènìyàn, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara jẹ́, ó sì lè di àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Kò sí oògùn tí a lè dà sí i tí yóò pa ìtànṣán náà. Àkókò nìkan ló ń pa á.

Àwa olùkọ́ lè fi ọsàn ṣe àlàyé rẹ̀ fún ọmọ kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé a ní ọsàn 80, tí ìdajì wọn ń jẹrà dànù ní ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn ọdún 30, yóò ku 40. Lẹ́yìn ọdún 60, yóò ku 20. Lẹ́yìn ọdún 90, yóò ku 10. Bí cesium, ọ̀kan nínú àwọn oró inú táńkì náà, ṣe ń dínkù nìyẹn. Ṣùgbọ́n plutonium tó ṣẹ́kù níbẹ̀ kò ní dín sí ìdajì títí ọdún 24,000 yóò fi kọjá. Ìlú wo láyé ni ó ti pé ọdún 24,000? Táńkì irin wo ni yóò dúró dè é?

Wàhálà mìíràn tún wà. Pàǹtí inú táńkì kan kò jọ ti èkejì, nítorí oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n fi ń sẹ́ plutonium láti ọdún dé ọdún, wọ́n sì ń da ti ibí pọ̀ mọ́ ti ọ̀hún. Òmíràn ṣàn bí omi, òmíràn le bí òkúta iyọ̀, òmíràn ki bí ẹrẹ̀. Kò sí ọjà tí a ti lè ra ẹ̀rọ tí yóò palẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti kọ́kọ́ ná owó ìwádìí rẹ̀.

ÀDÉHÙN ÀTI ÀPÒ OWÓ

Ní ọjọ́ 15 oṣù May 1989, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Washington tọwọ́ bọ̀wé pé Hanford yóò di mímọ́, wọ́n sì dá ìgbà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún kan náà, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìpalẹ̀mọ́, wọ́n sì ya owó sọ́tọ̀ láti wá ọ̀nà tuntun. Láàárín àwọn ọdún 1990, owó náà tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Àwọn ilé ìwádìí ìjọba àti àwọn yunifásítì gba nínú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Àwọn tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ pé ọ̀nà tuntun tí a wá rí pọ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò tíì di lílò níbi tí pàǹtí wà. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe irọ́. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí kò bá ẹni tí yóò lò ó sọ̀rọ̀ tó, agbaṣẹ́ṣe náà sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá gbìyànjú ohun tuntun tí kò ṣiṣẹ́, òun ni wọn yóò bá wí. Ó dà bí ìgbà tí ilé ìwé ra àwòrán ìkọ́ni rere, tí ó wá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀bi ìlò ni èyí. Kò sọ pé kí a má ra àwòrán mọ́.

OWÓ TÓ BỌ́ SÓMI

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Savannah River, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, níbi tí wọ́n ti ṣe ohun èlò bọ́ǹbù bákan náà, tí pàǹtí sì wà nínú táńkì níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n fẹ́ yọ cesium kúrò nínú omi iyọ̀ inú táńkì, kí ìyókù lè rọrùn láti tọ́jú. Wọ́n rí kẹ́míkà kan tó ń mú kí cesium dì, kí ó sì sílẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀kọ. Nínú ìgò kékeré, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n bá múra, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ lé e lórí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é nínú táńkì ńlá pẹ̀lú pàǹtí gidi, kẹ́míkà náà ń bàjẹ́, ó sì ń tú gáàsì benzene jáde kíákíá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Benzene kò yàtọ̀ sí pẹtiróòlù bí ó bá rí iná. Ta ni yóò jókòó ti irú táńkì bẹ́ẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998 wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró. Owó tí wọ́n ti ná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì bílíọ̀nù dọ́là.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí ìwé. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Oak Ridge, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ti ń fi owó ìjọba wá kẹ́míkà mìíràn, tí ẹyọ rẹ̀ rí bí ife kékeré tí cesium bá mu bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò mu. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sínú ẹ̀rọ kékeré ní 2008. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó dára, wọ́n kọ́ èyí tó tóbi, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rán ẹnì kan ṣáájú kí ó wo ọ̀nà, kí gbogbo èrò tó gbé ẹrù rù.

AJỌ̀ KÉKERÉ

Láàárín àwọn ọdún 1990 kan náà, ilé ìwádìí Sandia àti yunifásítì Texas A&M rí ohun mìíràn. Wọ́n ṣe èròjà kan tó rí bí iyanrìn, tí ihò tín-tìn-tín wà lára rẹ̀. Bí a bá da omi iyọ̀ olóró gba inú rẹ̀ kọjá, iyọ̀ púpọ̀ á bá omi lọ, ṣùgbọ́n cesium á há sínú àwọn ihò náà. Ẹ̀yin tó ń fi ajọ̀ jọ èlùbọ́ mọ irú iṣẹ́ yìí: bí ojú ajọ̀ bá ti tọ́, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Fún ọdún púpọ̀, ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ yìí yóò wà lára àwọn tí wọ́n ní kò wúlò. Nígbà tó di 2011, omi òkun ya lu ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Fukushima ní Japan, ẹ̀rọ bàjẹ́, omi olóró sì kún gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn ará Japan nílò ohun tí yóò sẹ́ cesium kúrò lójú ẹsẹ̀. Ajọ̀ ilé Sandia yìí wà lára ohun tí wọ́n lò. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lọ́jọ́ náà, omi ì bá ti dé ibi tó ń lọ.

EGUNGUN LÉTÍ ODÒ

Ní Hanford, oró mìíràn tí a ń pè ní strontium ti wọ ilẹ̀ létí odò Columbia. Oró yìí burú ní ti pé egungun ènìyàn kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí calcium tí ń mú egungun le; bí ó bá wọ inú ara, egungun ni ó ń lọ jókòó sí. Láti 1995 sí 2006, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi ilẹ̀ náà sókè, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń dá a padà. Ohun tí wọ́n rí kó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé èyí tí àkókò fúnra rẹ̀ ń pa jù ú lọ.

Àwọn onímọ̀ ronú pé: bí egungun bá ń gba strontium mọ́ra, ẹ jẹ́ kí a fi ohun tó wà nínú egungun dẹ pàkúté fún un. Wọ́n gbẹ́ kànga sí etí odò, wọ́n tú àpòpọ̀ calcium àti phosphate sínú wọn. Àpòpọ̀ náà di ohun líle kan náà tó wà nínú egungun àti eyín wa, ó sì di odi sínú ilẹ̀. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sínú odò, ṣùgbọ́n strontium ń há síbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fa omi tọ̀sán tòru mọ́. Oró tó ń bá omi lọ síhà odò níbẹ̀ sì dínkù gidigidi.

ILÉ DÍGÍ

Ìparí gbogbo rẹ̀ ni pé kí wọ́n sọ pàǹtí náà di dígí. Wọ́n ó pò ó mọ́ iyanrìn àti èròjà mìíràn, wọ́n ó yọ́ ọ nínú iná tó gbóná ju 1,000 lọ ní ìwọ̀n Celsius, wọ́n ó sì dà á sínú agolo irin ńlá títí yóò fi dì. Ìtànṣán ṣì wà nínú dígí náà, ṣùgbọ́n kò lè jò mọ́, kò sì lè bá omi lọ bọ̀rọ̀. Owó ìjọba ni àwọn onímọ̀ tó wà nítòsí Hanford fi ṣe ìwádìí ẹ̀rọ ìyọ́gíláàsì yìí láti àwọn ọdún 1970. Savannah River ti ń sọ pàǹtí tirẹ̀ di dígí láti 1996.

Ti Hanford kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù December 2000, wọ́n gbé iṣẹ́ ilé dígí náà fún agbaṣẹ́ṣe. Iye tí wọ́n dá lé e jẹ́ bílíọ̀nù 4.3 dọ́là. Ní 2002 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹnjiníà ṣì ń ya àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tó ti kọ́lé mọ ohun tí ń tẹ̀lé irú èyí. Nígbà tó di 2012, wọ́n dá apá tó le jù dúró, nítorí ìbéèrè wà tí ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn: ṣé ẹ̀rọ yóò lè máa ro ẹrẹ̀ olóró náà dáadáa? Ṣé gáàsì tó lè gbiná kò ní kóra jọ sínú páìpù? Ìbéèrè ìwádìí ni gbogbo wọn, orí ilé tí wọ́n ti kọ́ dé ìdajì ni wọ́n sì ti ń bi wọ́n. Nígbà tó di 2016, iye iṣẹ́ náà ti gòkè dé bílíọ̀nù 16.8.

Kí ló wá yọ wọ́n? Ajọ̀ kékeré ilé Sandia tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ajọ̀ náà wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táńkì gan-an. Láti oṣù January 2022 ni ó ti ń sẹ́ cesium kúrò nínú omi táńkì, kí omi náà lè kọjá lọ sí ilé dígí láìgba inú ilé ńlá tó dúró ṣánṣán náà. Nínú oṣù October 2025, pàǹtí Hanford di dígí fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọdún 36 tí wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn. Èyí tí oró rẹ̀ kéré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tí oró rẹ̀ pọ̀ jù ṣì wà nínú táńkì.

ṢÉ KÍ OWÓ ÌWÁDÌÍ DÍNKÙ?

Bí gbogbo èyí ṣe dára tó, ẹ̀yin òǹkàwé yóò rò pé ìjọba Amẹ́ríkà yóò máa fi kún owó ìwádìí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún ìnáwó 2024, nǹkan bí bílíọ̀nù 3 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Hanford nìkan. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ̀ka ìpalẹ̀mọ́ ń fi sí wíwá ọ̀nà tuntun ti wálẹ̀ láti ìgbà àwọn ọdún 1990, títí ó fi di pé nínú 100 dọ́là tí wọ́n ń ná, kò tó dọ́là kan. Ní 2019, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ti National Academies gba ìjọba níyànjú pé kí ó tún ṣí àpò fún ìwádìí tó jinlẹ̀.

Àwọn tí kò fẹ́ ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní bí ilé bá ń jó, a kì í jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ Hanford yóò gbà ju ìgbà ayé ẹnì kan lọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbà tó bẹ́ẹ̀, tí ó ní òun kò ráyè kọ́ bí a ṣe ń ṣe é, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ẹ wo ìyá aláró. Bí ó bá po aró tuntun, kì í kó gbogbo aṣọ oníbàárà rì í lẹ́ẹ̀kan náà. Àkísà kan ni ó kọ́kọ́ ń tì bọ̀ ọ́. Bí àkísà bá bàjẹ́, kọ́bọ̀ mélòó ló bọ́? Ṣùgbọ́n bí aṣọ ogún ènìyàn bá bàjẹ́, ọjà rẹ̀ ti tú nìyẹn. Ní 2017, wọ́n ṣe irú ọgbọ́n yìí ní Hanford: gálọ́ọ̀nù 3 péré ni wọ́n bù nínú pàǹtí táńkì, wọ́n pò ó mọ́ èròjà bíi sìmẹ́ńtì, wọ́n sì gbé e lọ sin ní ìpínlẹ̀ Texas, láti mọ̀ bóyá ọ̀nà náà lè dín ẹrù ilé dígí kù. Ìdánwò kékeré nìyẹn, ó sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ Washington fẹnu kò, nínú àdéhùn tí wọ́n parí ní oṣù January 2025, pé kí wọ́n fi ọ̀nà yìí tọ́jú díẹ̀ nínú pàǹtí náà.

Èmi kò sọ pé kí ìjọba máa da owó sínú ilé ìwádìí láìbéèrè. Àwọn ará Yakama, tí àdéhùn ọdún 1855 fún ní ẹ̀tọ́ láti máa pẹja nínú odò Columbia, kò lè fi ìwé ìwádìí se ọbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí táńkì lójoojúmọ́ ń fẹ́ kí táńkì ṣófo. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n bèèrè ibi tí owó lọ, kí ọ̀nà tuntun má sì kú sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó ìwádìí ni ó kéré jù nínú owó náà, òun ni ó sì ń pinnu bóyá owó ńlá yóò so èso tàbí yóò bọ́ sómi.

Àwọn tó da omi oró sínú táńkì ní 1944 ti kọjá lọ. Àwọn tó ń sẹ́ ẹ lónìí, ọmọ ọmọ wọn ni púpọ̀ nínú wọn lè jẹ́, àwọn náà kò sì ní í rí ìparí rẹ̀. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá kalẹ̀ níbikíbi, ì báà ṣe ìjọba, ì báà ṣe ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: níbo ni eérú rẹ̀ yóò lọ, ta ni yóò gbá a, èló ni o sì ti yà sọ́tọ̀ láti kọ́ bí a ṣe ń gbá a?